Bí Orúkọ Múyìwá Ṣe Di Èébú

Ẹ fi fóònù yẹn sílẹ̀ ná, ẹ̀yin ọmọ yìí. Láti ìgbà tí a ti parí ìjọsìn lẹ ti ń jiyàn lórí ẹni tó ní ẹsẹ̀ ìkà jù nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù, ta ló ń gbá ènìyàn dípò bọ́ọ̀lù, ta ló ń fi ìgúnpá gún ènìyàn nígbà tí rẹfirí bá kọ ẹ̀yìn. Mo jókòó síbí, mo ń fi etí kan tó ṣẹ́kù fún mi gbọ́ yín. Ẹni tó bá fẹ́ borí ẹnì kejì á gbé fídíò sí i lójú, ọ̀rọ̀ á sì parí. Kò burú. Àmọ́ ọ̀kan nínú yín ń sọ nípa bẹ́ẹ̀kì kan tó gbá ọmọ ọlọ́mọ lulẹ̀ lánàá, ó ní, "Ha fatto un Múyìwá," gbogbo yín sì bú sẹ́rìn-ín. Mo bi yín pé kí ni Múyìwá. Ẹ ní, "Boh, Bàbá, si dice così." Ẹ ní bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn láti kékeré yín, pé bí ènìyàn bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ́ ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀, ó ṣe Múyìwá nìyẹn.

Ènìyàn ni Múyìwá. Ó wà láàyè, ó ń gbé ní Udine, ó sì bímọ. Èmi tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí mọ bí orúkọ rẹ̀ ṣe dé ẹnu yín, ọkàn mi sì ti bàjẹ́ láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ. Ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀, bí àgbà bá sì ti ń rántí nǹkan, kì í gba ọ̀nà tààrà.

Nígbà tí àwa dé Torino yìí, a kò pọ̀ rárá. Bí o bá rí ènìyàn dúdú nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Settimo ní ìdájí, o máa kí i, ì báà jẹ́ pé o kò rí i rí. Bó bá fi Yorùbá dá ọ lóhùn, o ti ní ẹbí nìyẹn. Ilé iṣẹ́ ló gba gbogbo wa. Nídìí ẹ̀rọ tó ń tẹ irin ni èmi wà fún ọdún mọ́kàndínlógún, ariwo rẹ̀ ló jẹ etí òsì mi. Láti Mọ́ńdè dé Sátidé, ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu wa kò ju "sì, capo" àti "va bene, capo" lọ: bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá, ó dára ọ̀gá. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá ń sọ̀rọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ gbogbo agbo ilé á dákẹ́, níbí ó ti di ẹni tí ń mi orí. Ìyẹn ló fà á tó fi jẹ́ pé bó bá di ọjọ́ Ìsinmi, ẹnu wa kì í padé mọ́.

Inú capannone kan báyìí la ti ń jọ́sìn, ilé tí wọ́n kọ́ láti fi kó ẹrù sí, òtútù inú rẹ̀ ju ti ìta lọ. Bí Pásítọ̀ bá ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, àwọn ọkùnrin á sáré lọ sẹ́yìn ọkọ̀, wọn á bọ́ agbádá, wọn á wọ ṣòkòtò péńpé. Bàtà bọ́ọ̀lù àlòkù la máa ń rà ní ọjà Porta Palazzo, ẹsẹ̀ ọ̀tún lè jẹ́ nọ́ńbà mẹ́tàlélógójì kí ti òsì jẹ́ méjìlélógójì. Àwọn ìyá yín á gbé kúlà ìrẹsì àti àkàrà sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ẹgbẹ́ méjèèjì á di ara wọn lọ́wọ́ mú, a ó gbàdúrà kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣèṣe. Èmi ni rẹfirí. Kì í ṣe pé mo mọ òfin bọ́ọ̀lù ju àwọn yòókù lọ. Èmi ni mo dàgbà jù, ta ló sì fẹ́ bá àgbà jiyàn?

Lẹ́yìn eré ni eré gan-an ń bẹ̀rẹ̀. A máa jókòó yíká lábẹ́ àwọn igi pioppo, òwú funfun igi náà á máa já sínú oúnjẹ wa, a ó sì pe Kóòtù. Iṣẹ́ Kóòtù kò ju ẹyọ kan lọ: ta ni ẹlẹ́sẹ̀ ìkà ọjọ́ náà? Kò sí fídíò nígbà yẹn. Ẹni tó bá fẹ̀sùn kan ènìyàn gbọ́dọ̀ dìde, kó fi ara rẹ̀ ṣe àpèjúwe bí wọ́n ṣe gbá òun, ẹlẹ́rìí náà á dìde, á ṣe tirẹ̀. Bàbá kan fẹ́ fi hàn wá bí wọ́n ṣe ta òun lẹ́sẹ̀, ó ta ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi lè lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n á tún mú àwọn agbábọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n wọ inú ọ̀rọ̀, pé lágbájá burú ju tàmẹ̀dù lọ, ẹlòmíràn á ní rárá, pé ẹ̀rín ni tàmẹ̀dù máa ń rín sí rẹfirí lẹ́yìn tó bá ti ṣe iṣẹ́ ibi tán. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ìdájọ́ á bọ́ sọ́wọ́ mi. Ẹni tí mo bá dá lẹ́bi á dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí koríko fún ẹni tó ṣẹ̀, a ó hó yèè, ẹni tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún á fà á dìde, wọn á jọ mu malt. Ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Kò sí ẹni tó ń gbé e délé.

Nígbà òtútù, tí yìnyín bá bo pápá, inú ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń fóònù sílé ni Kóòtù máa ń wọ̀. Ọ̀kan nínú wa wọ inú yàrá onígíláàsì kékeré yẹn lọ́jọ́ kan láti bá bàbá rẹ̀ ní Ìbàdàn sọ̀rọ̀. Dípò kó béèrè àlàáfíà wọn, ẹjọ́ àná ló rò fún wọn, ó ní kí wọ́n dá a. Bàbá náà dá a, wọ́n sì dá ọmọ wọn lẹ́bi. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Díákónì kan wà tí a ń pè ní Fàṣọya. Ènìyàn Ọlọ́run ni nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n bí o bá sáré kọjá lára rẹ̀ lórí pápá, aṣọ rẹ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan a dá a lẹ́bi, ó dọ̀bálẹ̀, àwa bí ogójì ọkùnrin yí i ká, à ń pariwo, ni carabinieri méjì bá dé. Ẹnì kan nínú ilé òdìkejì ló pè wọ́n pé àwọn aláwọ̀ dúdú ń pa ara wọn. Ọ̀kan béèrè pé ta ló kú. Díákónì gbé ojú sókè láti inú koríko, ó ní, "Io, ma sto bene," pé òun ni, ṣùgbọ́n ara òun le. Àwọn ọlọ́pàá náà rẹ́rìn-ín, wọ́n jẹ àkàrà wa kí wọ́n tó lọ. Ẹ wá wò ó lónìí. Díákónì ti kó lọ sí ìlú ọba lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Wọ́n ti kọ́ supermercato sórí pápá yẹn, abẹ́ igi pioppo ti di ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Mo máa ń lọ ra mílíìkì níbẹ̀ nígbà mìíràn, màá dúró díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù, àárò á sọ mí.

Ní Ferragosto, tí gbogbo ilé iṣẹ́ bá ti ti ilẹ̀kùn, a máa ń ṣe ìdíje ńlá. Torino, Padova, Brescia, ìlú tó bá kàn ni gbogbo wa á wọ ọkọ̀ ojú irin lọ. Àárín àwọn ará Padova ni Múyìwá wà. Bẹ́ẹ̀kì ni, ó ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tọ́jú bàbá arúgbó Italian kan nílé, mo sì rò pé ibẹ̀ ló ti kọ́ bí a ṣe ń fọwọ́ jẹ́jẹ́ mú ènìyàn. Bó bá gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ rẹ tí o ṣubú, á fà ọ́ dìde, á gbọn koríko kúrò lára aṣọ rẹ, á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n." Ọdún mẹ́rin la fi ń gbé e wá sí Kóòtù, a kò rí ẹ̀bi kankan lọ́rùn rẹ̀. Ó ń bí àwọn kan nínú. Àwa ọmọ Torino pàápàá ti búra pé ọjọ́ kan ṣá, ọwọ́ wa á tẹ̀ ẹ́.

Rótìmí ló ń gbá iwájú fún wa. Èmi ni mo lọ pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin Porta Nuova lọ́jọ́ tó dé, yàrá mi ló kọ́kọ́ sùn, àbúrò ni mo fi ṣe. Inú magazzino kan ní Settimo ló ti ń ru ẹrù, contratto iṣẹ́ olóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé bí kò bá sí contratto, kò sí permesso, ìwé ìgbélùú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ló fi ń jẹun.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, Brescia la lọ, pápá kan lẹ́yìn àwọn ilé iṣẹ́ onírin. Orúkọ mi ló wà lórí ìwé tí a fi tọrọ pápá náà lọ́wọ́ comune, ìjọba ìbílẹ̀ wọn. Láàárọ̀, mo ri ọ̀pá irin kánópì mọ́lẹ̀ kí àwọn obìnrin lè rí ibòji, àṣé inú ojú pápá ni mo rì í sí. Custode tó ń ṣọ́ ibẹ̀ jáde, ó jágbe mọ́ mi pé kí n kó o kúrò lórí koríko òun. Òjò ti rọ̀ lóru, ilẹ̀ ti rọ̀, bí mo ṣe ń mi ọ̀pá náà kó lè jáde, ihò rẹ̀ fẹ̀ títí ẹsẹ̀ ènìyàn fi lè wọ̀ ọ́. Mo fi bàtà gbá koríko díẹ̀ bò ó, mo ní ó ti tó. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni kí n wa yẹ̀pẹ̀ di ihò yẹn, n kò ṣe é.

Nínú ìdajì kejì, Rótìmí gba bọ́ọ̀lù, ó sáré. Múyìwá ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. N kò jìnnà sí wọn ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ. Mo rí i pé Múyìwá ti fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, ó ti mọ̀ pé òun kò lè bá bọ́ọ̀lù yẹn mọ́. Mo rí ẹsẹ̀ Rótìmí tó wọ inú ihò. Ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣẹ́ igi ìdáná. Àwọn méjèèjì ṣubú lé ara wọn, kí n tó mí, gbogbo ẹnu ti ń pariwo pé Múyìwá! Múyìwá!

Mo fọn fèrè. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Ṣùgbọ́n ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni orúkọ mi lórí ìwé comune, àti ìwé ìyàwó mi àti àwọn ọmọ mi méjì tí mo fẹ́ kó wá láti ilé, tó ṣì wà lórí tábìlì ní prefettura, ọ́fíìsì ìjọba tó ń buwọ́ lù ú. Mo rò ó pé bí wọ́n bá gbọ́ pé ihò tí mo gbẹ́ ló ṣẹ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀, ìwé náà kò ní jáde láyé. Ọwọ́ mi wọ àpò, ó mú káàdì pupa jáde. Múyìwá wo káàdì náà, ó wo ojú mi, ó jáde kúrò lórí pápá. Kò bá mi jiyàn, nítorí àgbà ni mo jẹ́ sí i. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà lọ́jọ́ yẹn, ojú mi ni orí ọmọ ṣe wọ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n gbé Rótìmí wá sí ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú gesso tí wọ́n fi ń di egungun tó ṣẹ́, láti itan dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Inú ń bí àwọn ènìyàn. Àwọn kan ní àwọn máa lọ ká Múyìwá mọ́lé ní Padova. Ẹ̀rù bà mí, mo pè é lórí fóònù. Mo ní, "Múyìwá, àbúrò mi, wá dọ̀bálẹ̀ fún un, kí ọ̀rọ̀ yìí lè tán. Ẹ̀bẹ̀ kì í pa ènìyàn."

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, n kò gbá a. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, ẹ rí i."

Mo ní, "Mo rí i. Ṣá wá. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé kì í bá ẹni tó ń jẹ̀rora du ẹ̀tọ́."

Ó gbọ́ tèmi. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin láti Padova, nínú aṣọ ìjọsìn rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì níwájú gbogbo ìjọ. Ohun tí mo sọ fún ara mi ni pé bí ọmọ Yorùbá bá dọ̀bálẹ̀, ọ̀wọ̀ ni, ọkàn á rọ̀. Mo gbàgbé pé àwa fúnra wa ti fi Kóòtù kọ́ àwọn ènìyàn wa pé ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn eré, ó jẹ̀bi. Àbí mo tilẹ̀ gbàgbé? Títí dòní n kò lè búra. Rótìmí kò fà á dìde, ó kọjú sí ògiri. Múyìwá pẹ́ nílẹ̀ kó tó dìde fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún béèrè bóyá Múyìwá ló ṣe é. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbè é lẹ́yìn, wọn á ní, "Ṣebí ó ti dọ̀bálẹ̀."

Contratto Rótìmí parí nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú gesso, wọn kò fún un ní òmíràn, permesso rẹ̀ sì di wàhálà ọdún méjì. Ó tún rí iṣẹ́ nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó tiro títí ó fi kú léṣìí, kò sì sí ẹni tó bá pàdé tí kò ní sọ fún pé Múyìwá ló ba ayé òun jẹ́. Múyìwá ń fẹ́ ọmọbìnrin kan nínú ìjọ wa níbí, wọ́n ti ń múra mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Àwọn ẹbí ọmọ náà ní àwọn kò lè fọmọ fún ẹni tó ń ṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́sẹ̀. Ní Padova náà, bí wọ́n bá fẹ́ fún un ní iṣẹ́ kan nínú ìjọ, ẹnì kan á rántí Brescia. Ó kó lọ sí Udine, níbi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n. Kóòtù tú ká, nítorí kò sí ẹni tó tún lè rẹ́rìn-ín nídìí rẹ̀, orúkọ rẹ̀ nìkan ló ń rìn kiri títí tó fi dé ọ̀dọ̀ yín. Ìwé ìyàwó àti àwọn ọmọ mi jáde lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. A ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì jó.

Wọ́n máa ń ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ẹ má gbára lé òwe yẹn. Èmi ni òtítọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo jókòó lé e, àwọn ọdún sì ń lọ. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá orúkọ mìíràn fún ẹsẹ̀ ìkà. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ máa pè é ní orúkọ tèmi.

Lẹ́yìn tí a sin Rótìmí, ara mi kò gbà á mọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún yìí, mo wọ ọkọ̀ ojú irin, mo sọ̀ ní Mestre, mo wọ òmíràn, mo dé Udine lọ́sàn-án. Ọmọbìnrin kan tó ti tó ọmọ ogún ọdún ló ṣílẹ̀kùn. Ó wò mí, ó pe inú ilé, "Papà, c'è un signore per te," pé àlejò kan ń wá a. Múyìwá jáde. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Nígbà tó rí mi, ó tẹríba, ó na ọwọ́ kanlẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà."

Mo jókòó, mo sọ gbogbo rẹ̀: ọ̀pá, ihò, ìwé comune, ìwé ìyàwó mi. N kò bò kankan mọ́lẹ̀. Mo ní màá pe gbogbo ènìyàn, màá sọ ọ́ fún wọn pé èmi ni.

Ó ní, "Ta ló kù, sà? Rótìmí ti kú. Pásítọ̀ yín ti wà ní Canada. Ọmọbìnrin yẹn ti ní ọmọ mẹ́ta fún ẹlòmíràn." Kò pariwo rárá. "Èmi náà rí ihò yẹn. Ọwọ́ mi wọ inú rẹ̀ nígbà tí mo ṣubú."

Mo ní, "O rí i? Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ níwájú ìjọ lọ́jọ́ náà?"

Ó wò mí bí ẹni pé ìbéèrè náà yà á lẹ́nu. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ní kí n wá dọ̀bálẹ̀, sà. Mo rò pé tí mo bá ti wà nílẹ̀, ẹ máa bá mi sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi pẹ́ nílẹ̀. Ẹ̀yin ni mò ń dúró dè."

Mo mu omi tí ọmọ rẹ̀ gbé wá, mo sì wọ ọkọ̀ ojú irin aago mẹ́rin padà sí Torino.